Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Yín Ṣe Súpáfáísọ̀: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló máa ń tọ̀ mí wá, yálà ilé búrẹ́dì lẹni tó bi mí ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ilé omi inú ọ̀rá, tàbí súpámákẹ́ẹ̀tì ní Òkè-Fìà: "Wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn yòókù láti oṣù tó ń bọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún bèèrè.

Ilé búrẹ́dì kan níbí ní Òṣogbo lèmi ti kọ́ ọ. Ìdí tábìlì tí a ti ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá ni mo wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi mí ṣe súpáfáísọ̀ iṣẹ́ alẹ́. Torí pé ọwọ́ mi yá ni wọ́n ṣe yàn mí, ọwọ́ yíyá ọ̀hún ló sì kọ́kọ́ kó bá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá lọ́ra, màá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, màá ṣe é. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń di búrẹ́dì, mò ń ka fúláwà, mò ń bá awakọ̀ fa ọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ mi sì jókòó sórí àpò, wọ́n ń wo fóònù. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi yín sípò, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́

Ẹ má tíì dúpẹ́ jù. Ẹ ní kí ọ̀gá fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ lójú ẹ̀.

1. Àwọn wo gan-an ló wà lábẹ́ mi? Orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé awakọ̀ wà níbẹ̀? Ọlọ́dẹ ńkọ́?
2. Kí ni mo lè pinnu láì pè yín? Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú láago kan òru, èló ni mo lè ná? Ṣé mo lè fún èèyàn láyè ọjọ́ kan?
3. Kí lẹ ó fi mọ̀ pé mò ń ṣe dáadáa? Ẹ jẹ́ kó fi iye sọ ọ́: búrẹ́dì mélòó nínú àpò fúláwà kan, aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde.
4. Owó oṣù mi ńkọ́? Ẹ má tijú. Mo mọ ẹni tó gba oyè tí kò gba kọ́bọ̀ lé e fún ọdún kan gbáko, torí pé kò bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
5. Ìgbà wo lẹ ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù? Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, níwájú gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ ẹnu yín ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ẹ ti fọwọ́ ara yín fi ara yín joyè nìyẹn, wọn ò sì ní yé fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìkìlọ̀ tó ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ ka ẹrù kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Alẹ́ Sátidé kan ni wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù. Ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀ ní, "Gbogbo ẹ̀ pé, àbúrò mi," mo sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá ka ẹrù, àpò fúláwà mẹ́rin, oníkílò àádọ́ta, ti pòórá. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù mi. (Mo ṣì máa padà sórí owó yíyọ yẹn, torí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ nígbà náà.)

Tiyín, ẹ ka àpò, páànù, agolo òróró, gáàsì, fóònù iṣẹ́, gbogbo ẹ̀. Kí ẹni tó ń lọ wà níbẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé náà, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀. Bó bá ń kánjú, tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà di ọ̀la pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ wò ó

Kò sí ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú bíi súpáfáísọ̀ tó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè tó sì ti yí gbogbo nǹkan padà kó tó di ọ̀sán. Ẹ dúró níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé e láti ìgbà tí wọ́n bá tú àpò títí dìgbà tí ọjà bá wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan péré: "Kí ló ń dá iṣẹ́ yín dúró jù?"

Ìdáhùn tí mo gbọ́ jù lọ yà mí lẹ́nu. Búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń fi òróró pa páànù, èèyàn méjì ló sì ń du ú. Mo ra ìkejì ní ọjà Ìgbọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Owó kékeré ni, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbà pé tí wọ́n bá bá mi sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì ni èyí tó lè pa èèyàn lára: wáyà tó ti bó, ẹ̀rọ tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ ìpo-fúláwà nígbà tó ń yí, obìnrin tó so ìborùn gígùn lẹ́bàá ẹ̀rọ. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá ìyẹn dúró, kódà bí ọ̀gá bá ń pariwo pé ọkọ̀ ń dúró.

Àwọn tí ẹ jọ ń jẹun lánàá

Ibí ló le jù, ibí náà ni ìbéèrè ti ń wá jù.

*Ọ̀rẹ́ yín tó ti di ọmọ abẹ́ yín.* Ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣẹ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sọ ọ́ láìfi bò: "Ọ̀rẹ́ mi ṣì ni ẹ́. Àmọ́ láti aago méje alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí, tó o bá pẹ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ tẹlòmíì." Ó lè rẹ́rìn-ín. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa pẹ́ dé lè jẹ́ òun gan-an, nítorí ó fẹ́ wò ó bóyá ẹ mọ ohun tí ẹ sọ. Ojú gbogbo ilé iṣẹ́ á wà lára yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá wà lórí WhatsApp tí ẹ ti jọ ń bú ọ̀gá, ẹ rọra jáde níbẹ̀. Ẹ má sọ ohun tí ẹ kà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Kí ẹ ṣí òmíràn fún iṣẹ́ nìkan: ta ló ń wá, ta ni kò wá, kí ló tán.

*Àgbà tó wà lábẹ́ yín.* Ní ilé búrẹ́dì wa, bàbá kan wà tó ń bójú tó ààrò. Bàbá Aláàrò ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ti ń dáná búrẹ́dì kí n tó parí ilé ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, páànù bíi ogún jóná, inú sì bí mi. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú àwọn obìnrin tó wá kó búrẹ́dì. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ká aṣọ ìnura wọn kúrò léjìká, wọ́n lọ jókòó sẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó mọ ààrò yẹn bíi tiwọn. Búrẹ́dì tí kò jinná lálẹ́ yẹn pọ̀ ju èyí tó jóná lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ní mo ti ta ipò mi. Mi ò gbà. Kíkúnlẹ̀ kí àgbà, tàbí dídọ̀bálẹ̀ fún wọn, kò dín àṣẹ yín kù rárá. Bí ẹ bá ṣíwọ́ ẹ̀ torí pé ẹ di súpáfáísọ̀ ni àṣẹ náà máa dín kù. Ohun tí mo wá kọ́ rèé:

1. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè iṣẹ́. Ẹ pè wọ́n sẹ́yìn, kó má sí ẹlòmíì níbẹ̀.
2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ sọ, kì í ṣe irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. "Bàbá, páànù ogún ló jóná lálẹ́ àná. Kí lẹ rí níbẹ̀?" Nígbà tí mo bèèrè báyìí, wọ́n sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ààrò kò pa dé mọ́, àwọn sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó ṣáájú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
3. Ẹ fún wọn ní ohun tí ìmọ̀ wọn tọ́ sí. Láti ìgbà náà, búrẹ́dì kankan ò wọ ààrò títí Bàbá á fi sọ pé ó tó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.
4. Bí wọ́n bá tún ṣe é, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ti gbogbo èèyàn. Ẹ lè pe èèyàn ní "ẹ" kí ẹ sì tún kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Bí a ṣe ń pín iṣẹ́

Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé iṣẹ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́, ẹ rí i pé nǹkan márùn-ún yé e:

- ohun tó máa ṣe
- bó ṣe máa rí tó bá parí
- aago tó máa parí
- ohun tó lè lò, àti iye tó lè ná
- ìgbà tí ẹ máa padà wá wò ó

Ìkarùn-ún ni àwọn ọ̀gá tuntun máa ń fò. "Mo ti sọ fún un" kò tó. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti wákàtí mẹ́fà, ẹ wò ó lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí àtúnṣe ṣì rọrùn. Kí ẹ sì ní kó tún ohun tí ẹ sọ sọ lẹ́nu ara ẹ̀. Ẹ má bi í pé, "Ṣó yé ẹ?" Ta ló máa sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé kò yé òun?

Ní ti róstà, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ọjọ́bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó pẹ́ tán. Ìlú wa nìyí, ẹ sì mọ̀ ọ́n: Mùsùlùmí pọ̀, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìrun Jímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má di pé ẹ̀ ń bínú ní gbogbo ọ̀sán Ẹtì. Kí ẹ bi àwọn Kìrìsìtẹ́nì nípa ìsìn Sọ́ńdè wọn bákan náà. Iléyá àti Kérésìmesì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ara wọn láyè: ẹni tó bá dúró níbi iṣẹ́ ní Kérésìmesì, òun ló ń lọ sílé ní Iléyá. Ní oṣù Kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ìlú, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ á wà lójú ọ̀nà, búrẹ́dì á sì tún tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ti mọ ẹni tó ń gbé nítòsí àti ẹni tó ń bọ̀ láti Ẹdẹ tàbí Ìkìrun kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, torí bí ọ̀nà bá dí, ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn wá lẹ ó lò.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ pààrọ̀ ọjọ́ pẹ̀lú ẹlòmíì, ẹ gbà, àmọ́ kí àwọn méjèèjì kọ ọ́ sórí róstà. Pààrọ̀ ẹnu lásán ló ń bí "ṣebí o ní o máa wá".

Kíkọ́ ẹni tuntun níṣẹ́

Ní Amẹ́ríkà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin kọ́ àwọn súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mi ò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ, ó sì bá tábìlì búrẹ́dì mu.

1. Ẹ fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe ní iwájú ẹ̀: ẹni tó bá kọjú sí yín á máa rí ọwọ́ ọ̀tún yín bí òsì.
2. Ẹ ṣe é kó rí i. Ẹ rọra ṣe é, ẹ máa sọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí ẹ̀. "A kì í di búrẹ́dì tó ṣì gbóná sínú ọ̀rá, torí ooru á di omi, omi á mú un bu." Ẹni tó mọ ìdí kì í gbàgbé.
3. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Lẹ́ẹ̀kìíní kó kàn ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì kó máa sọ ìdí bó ṣe ń ṣe é. Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ pa ọwọ́ mọ́. Ó máa ń nira fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá, mo mọ̀.
4. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ máa padà wá. Ẹ sọ ẹni tó lè bi ní ìbéèrè fún un. Ẹ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí ẹ máa fà á gùn díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: bí òṣìṣẹ́ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, olùkọ́ kò tíì kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ta mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹnìkan bá ṣẹ̀

1. Ẹ wádìí kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìgbà wo? Ta ló rí i? Ṣé ó mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀?
2. Ìgbà àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ ẹnu, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ kọ déètì ẹ̀ sínú ìwé yín.
3. Ìgbà kejì: ìkìlọ̀ lórí ìwé, kó fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i.
4. Ìgbà kẹta: ẹ gbé e fún ọ̀gá pẹ̀lú gbogbo ìwé náà. Lílé èèyàn lọ kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ má fi halẹ̀.

Olè jíjà, ìjà, ọtí nídìí ẹ̀rọ: ẹ kọjá lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìbáwí, ẹ wá ohun tó ṣe dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

*Ohun tí òfin sọ.* Mo ṣèlérí pé màá padà sórí owó yíyọ. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí ó ṣàìbìkítà tí nǹkan fi ṣòfò, owó tó mọ níwọ̀n lè jáde, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Nítorí náà, "búrẹ́dì jóná, ẹ yọ ọ́ nínú owó ẹ̀" kì í ṣe ohun tí súpáfáísọ̀ kan lè dá sọ. Àwọn mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ sórí:

- Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ sinmi tó wákàtí 1 láàárín rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló gbà á.
- Ó kéré tán, ọjọ́ ìsinmi 1 nínú ọjọ́ 7.
- Lẹ́yìn oṣù 12, ìsinmi ọdọọdún tó tó ọjọ́ iṣẹ́ 6, pẹ̀lú owó.
- Àìsàn tí dókítà kọ ìwé sí: owó ò gbọ́dọ̀ dúró títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún.
- Ìfitónilétí kí iṣẹ́ tó parí: ọjọ́ 1 fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 láti ibẹ̀ títí tí kò fi tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ọdún 2 títí tí kò fi tíì pé 5, oṣù 1 fún ọdún 5 sókè.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá rán yín

Ọ̀gá á sọ pé: "Lọ sọ fún àwọn ọ̀lẹ wọ̀nyẹn pé bí ọkọ̀ bá tún pẹ́ jáde, gbogbo wọn máa lọ." Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí ẹ máa gbé dé ìsàlẹ̀ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde láago márùn-ún, àti ohun tí gbogbo yín máa yí padà kó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ pé, "Èmi kọ́ o, ọ̀gá ló ní kí n sọ." Bí ẹ bá ti sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á máa fò yín lọ bá ọ̀gá.

Bí iṣẹ́ náà bá burú lójú yín, inú yàrá ọ̀gá lẹ ti máa jiyàn. Tí ẹ bá ti jáde, ó parí.

Owó láàárín yín

- Ẹ má gba àjọ lọ́wọ́ àwọn tó wà lábẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bá ẹnìkan wí, owó ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bèèrè.
- Ẹ má tajà láwìn fún wọn, ẹ má sì jẹ wọ́n ní gbèsè.
- Ẹni tó bá fẹ́ gba owó oṣù ṣáájú, ọ̀gá tàbí akápò ni kó lọ bá.
- Aṣọ ẹbí? Ẹ lè rà á. Àmọ́ tí ẹ bá ra ti ẹnìkan, ẹ múra láti ra ti gbogbo wọn, tàbí kẹ́ ẹ máa fi owó kékeré kan náà ta gbogbo wọn lọ́rẹ.

Ìwé kan tí kì í kúrò lápò

Ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú. Lójoojúmọ́, kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́:

- ta ló wá, ta ni kò wá, ta ló pẹ́
- iye ẹrù tó wọlé, iye tó jáde
- ohun tó bàjẹ́
- ohun tí ẹ ṣèlérí fún ẹnìkan
- ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣe lọ́la

Ìlà kẹrin ni ẹ máa mọrírì jù. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í gbàgbé ìlérí.

Ẹ̀kọ́ síwájú sí i

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kó máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ bi ọ̀gá bóyá wọ́n ń san án. Bí wọ́n bá ń san án, ẹ bèèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún súpáfáísọ̀, torí ilé iṣẹ́ lè gba apá kan owó náà padà fún ẹ̀kọ́ tó bá kọ́ àwọn èèyàn ẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ò bá bá mi lára mu ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú. Mo mọ ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe ju gbogbo wa lọ, tí oorun ò sì kùn ún mọ́ nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí. Ẹ fún iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́ta. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá fúnra yín kí àṣìṣe ńlá kan tó lé yín lọ, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ padà sí àti ẹni tí ẹ rò pé ó lè gbapò yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi í sílẹ̀, ẹ ka ẹrù níwájú ẹni tó ń bọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò ìwé náà, kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.